Ohùn Tí Ó Fún Mi Lọ́kọ Kì Í Ṣe Ohùn Mi

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ kẹta rèé tí rédíò ilé ìdáná wa kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Ọkọ mi ló gbé e kúrò lórí fìríìjì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó tú u palẹ̀, ó sì to ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ pín ẹran. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní "ẹ káàárọ̀," á ní "káàárọ̀." Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á ní "o ṣé." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀túnla ni Kérésìmesì, adìẹ wà nínú omi níwájú mi, èmi sì jókòó ti ìwé àti bírò. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ilé mi jẹ́. Síbẹ̀, ẹ má bínú sí mi o, inú mi ń dùn! Ta ló gbọ́ irú èyí rí, kí ẹ̀rù àti ayọ̀ jọ wà nínú àyà ẹnì kan ṣoṣo? Ẹ bá mi jókòó, kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé Toronto rí, ẹ kò lè mọ bí orin Kérésìmesì ṣe máa ń ṣe wọ́n níbí. Oṣù kọkànlá ò ní tíì dé ìdajì, ewé ò ní tíì já tán lórí igi, tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan á ti pa gbogbo orin yòókù tì, tí á wá di orin Kérésìmesì láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ lọ ra ẹ̀wà, ẹ gbọ́ ọ. Dókítà eyín ní kí ẹ yanu, agogo ń ró lórí rédíò tirẹ̀ náà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa ráhùn pé orin náà ti sú àwọn. Èmi kọ́! Ilé àwọn arúgbó kan ní Downsview ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ yí rédíò pálọ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́, àmọ́ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, á kọ ọ́ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Màá máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ijó wa nìyẹn.

Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín tó máa ń pa mí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, a ń kọrin yìnyín tí a kò rí rí, ọyẹ́ ti la ètè wa, eruku ti sọ ẹsẹ̀ wa di funfun. Nígbà tí mo wá dé ibí, tí mo rí yìnyín gan-an, tí mo dúró de bọ́ọ̀sì nínú rẹ̀ títí tí n kò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìka ẹsẹ̀, mo ní háà, ẹni tó kọ orin wọ̀nyẹn kò dúró de bọ́ọ̀sì rí láyé rẹ̀! Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ òótọ́ fún yín. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn orin àwọn òyìnbó yìí tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ mí. Orin Kérésìmesì kan wà ní Ìbàdàn tó mọ orúkọ mi, tó mọ orúkọ bàbá mi, gbogbo oṣù Kejìlá ni mo sì fi ń sá fún un kí n tó kúrò nílé.

Ọmọ méjì ni ìyá wa bí, èmi àti Morẹ́nikẹ́. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn Morẹ́nikẹ́! Bí ó bá ń kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀, àwọn tí a jọ ń gbé ilé á dín rédíò wọn kù kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni àwa méjèèjì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló máa ń dá orin. Èmi ńkọ́? Ọ̀gá akọrin ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa ya ẹnu dáadáa, àmọ́ kí n má jẹ́ kí ohùn jáde púpọ̀. N kò bínú. Ẹnu tí mo ń yà yẹn gan-an rẹwà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú ní kí ìjọ wa wá gba orin Kérésìmesì kan sílẹ̀. Ọ̀gá akọrin ti ṣe orin náà fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ọmọ dé, ẹ ṣílẹ̀kùn, ọyẹ́ ń fẹ́, ẹ dáná yá." Àmọ́ ní ọdún yẹn ni Morẹ́nikẹ́ lóyún, ẹni tó fún un lóyún sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìjọ wa, bí ọmọbìnrin bá lóyún láìtíì ṣègbéyàwó, wọ́n á gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀, á kúrò níwájú, á máa lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí tí yóò fi bímọ. Ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀ ló gba aṣọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ta ni a rí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo? Ọ̀gá akọrin ni. Ó jókòó, ó nu ojú, ó ní, "Morẹ́nikẹ́, ohùn rẹ ni mo wá tọrọ. Rédíò kì í fi ikùn han èèyàn."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohùn rẹ̀ dára tó láti wọ sítúdíò, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ò dára tó kí ìjọ gbọ́ ọ. Ó ní kí a fi orúkọ mi pè é, pé Kérésìmesì kan ṣoṣo ni, ta ni yóò rántí bí ọdún bá ti yí? Ìyá wa wò mí. Morẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Àǹtí mi ni, wọn kì í ṣe ará ìta. Ẹ lo orúkọ wọn." Èmi ńkọ́? Ṣé kí n purọ́ fún yín pé mo kọ̀? Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Lọ́jọ́ tí a lọ, ó wọ aṣọ òtútù ìyá wa tó tóbi, ó dúró síwájú máìkì, àwa yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀, mo ń ya ẹnu. Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ló ń kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tí ojú tì. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, orin náà dún ní gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olóòtú pe orúkọ mi tó jinlẹ̀, ó ní ohùn mi tu òun lára. Mo fò sókè! Mo sáré yí ilé po! Morẹ́nikẹ́ jókòó nídìí ààrò, ó fi ọwọ́ kan lé ikùn, nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọdún yí, wọ́n tún fi í síta. Ọdún kejì, ọdún kẹta. Ó di orin tí wọ́n fi ń ṣí Kérésìmesì nílùú.

Ní tòótọ́, ọdún kò tíì yí rárá kí wàhálà tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ń tún rédíò ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀kan ṣe tán ní àárọ̀ Kérésìmesì yẹn, ó tàn án láti dán an wò, ohùn tó kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ ni "Ọmọ dé, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ó ní irin tí òun fi ń jó òjé ló jó tábìlì òun lọ́jọ́ náà nítorí pé òun gbàgbé rẹ̀ sórí rẹ̀. Nínú oṣù Kíní, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní òun ń wá olóhùn náà. Wọ́n nawọ́ sí mi. Ẹ wò ó o: ọkùnrin gíga, ó mọ́ tónítóní, eyín rẹ̀ funfun báláú, ó dúró níwájú mi, ó ní ohùn mi kò jẹ́ kí òun sùn. Kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, àbúrò mi tó lóyún ni ẹ ń wá"? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo wo ilẹ̀. Ọkọ mi nìyẹn, Bàbá Táyọ̀.

Mo rò pé màá sọ fún un kí a tó ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn náà mo ní kí a kọ́kọ́ bímọ ná. Nígbà tí a dé Canada ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, mo ní òkun ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ló tún kù tí mo fẹ́ sọ? Bí ó bá ní kí n kọrin fún òun, màá ní mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí ìyá mi kú pé n kò ní dá kọrin mọ́ láyé. Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbé irọ́ náà lé orí ìyá mi nínú sàréè. Lọ́dún tí a dé, Bàbá Táyọ̀ fi kásẹ́ẹ̀tì tó gbé láti ilé sínú ẹ̀rọ, Táyọ̀ ọmọ wa, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, wò mí, ó ní, "Mommy, that doesn't sound like you." Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ kíákíá.

Ibi tó ti ń dùn mí jù ni mo ń bọ̀ yìí. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbùkún, tí wọ́n fẹ́ dá aṣọ akọrin padà fún un, ó wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé a ò lè sọ fún wọn wàyí pé èmi ni?" Bàbá Táyọ̀ ti ń bá mi jáde nígbà yẹn. Mo ní, "Kí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi wá ṣe mí báwo?" Morẹ́nikẹ́ kò gba aṣọ akọrin náà mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá yanu kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá Táyọ̀ á mọ ohùn tó gbọ́ nínú rédíò. Nítorí kí n lè lọ́kọ, àbúrò mi pa ohùn rẹ̀ mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Ìbùkún kò gbọ́ orin lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí, àfi kí ó máa kùn lábẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Orin rédíò yẹn ńkọ́? "Orin Big Mummy" ni ọmọ náà ń pè é. Èmi ni Big Mummy.

Ìbùkún ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Whitby. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, ó mú ìyá rẹ̀ wá wo Canada fúngbà àkọ́kọ́. Ayọ̀ tí mo yọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ rò pé nǹkan ṣe mí! Àfi Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá. Ètò Yorùbá kan wà lórí rédíò níbí, Uncle Débọ̀ ló ń ṣe olóòtú rẹ̀, Bàbá Táyọ̀ kì í jẹ́ kó fo òun. Ó ń bẹ iṣu nílé ìdáná, mo ń dín ẹyin, Uncle Débọ̀ ní ẹnì kan fi orin àtijọ́ kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. "Ọmọ dé, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Táyọ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti pè wọ́n, ó ń pariwo sínú fóònù: "Uncle Débọ̀! The owner of that voice is in my kitchen! Ìyàwó mi ni! Ẹyin ló ń dín lọ́wọ́!" Uncle Débọ̀ ní ọ̀rọ̀ bùṣe, kí n wá kọ ọ́ ní sítúdíò ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, kí gbogbo ayé gbọ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan tó ń tì mí lójú: mo gbádùn rẹ̀. Àwọn èèyàn pè mí láti Brampton, láti Scarborough. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbé kéèkì wá. Mo ra gèlè tuntun fún ọjọ́ náà. Gèlè, fún rédíò! Ta ló máa rí i? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń rìn bí olorì kí n tó rántí pé màá ní láti ya ẹnu, kí ohùn sì jáde. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi, mo dán an wò. Táyọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mom, are you okay?"

Bí mo ṣe wọ rélùwéè lọ sí Whitby nìyẹn. Morẹ́nikẹ́ jókòó lójú fèrèsé, ó ń ge ilá, ó ń wo yìnyín. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, ó fò dìde. Mo ní kó bá mi lọ, kí n pè é ní orúkọ mi níwájú Uncle Débọ̀ tí kò mọ ojú èmi tàbí tirẹ̀, kí ó kọ orin náà, kí a máa lọ. Bàbá Táyọ̀ ò ní sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹrù ọkọ̀ òfurufú ló ń ṣe ní Mississauga, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ títí, wọn ò gbà á láàyè lọ́jọ́ náà, inú ọkọ̀ akẹ́rù wọn ló ti máa gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Mo ní, "Morẹ́nikẹ́, rédíò kì í fi ojú han èèyàn." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi, bí ìgbà tí ọ̀gá akọrin jókòó sínú pálọ̀ wa ní Ìbàdàn pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ ni. Morẹ́nikẹ́ fà mí dìde. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí mi, màá kọ ọ́. Ìbùkún ló máa fi mọ́tò gbé wa lọ ṣá."

Yàrá kékeré kan ni sítúdíò náà, òkè ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ní Downsview. Mo nawọ́ sí Morẹ́nikẹ́, mo sọ fún Uncle Débọ̀ pé olóhùn nìyí, èmi ni àbúrò rẹ̀. Ìbùkún wà lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, kò gbọ́ ohun tí a sọ, ó rò pé ìyá òun kàn sin mí wá ni. Iná pupa tàn, a ti wà lórí afẹ́fẹ́. Morẹ́nikẹ́ yọ ìborùn rẹ̀, ó dì í mọ́wọ́, ó kọrin. Yéè! Ohùn náà ti wúwo, ó ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, àmọ́ òun náà ni! Irun orí mi dìde. Mo wo gíláàsì, mo rí i pé Ìbùkún ti dìde dúró, kọfí ń dà sára aṣọ rẹ̀, kò mọ̀.

Orin parí, Uncle Débọ̀ ń nu ojú. Ó ní, "Ah-ah, Mummy! E be like say na yesterday." Ó wá pe orúkọ mi, ó wo Morẹ́nikẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kọ orin yìí, kí ló wà lọ́kàn yín?"

Morẹ́nikẹ́ ya ẹnu, ó pa á dé. Kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ló ń wò. Ìgbà náà ló yé mi: orin, ó lè fi orúkọ mi kọ ọ́. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú oyún nínú àti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ń dúró dè é, kò lè fi orúkọ ẹlòmíì sọ ọ́. Rédíò dákẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ orí rédíò kì í ṣe kékeré. Uncle Débọ̀ ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kó fi orin mìíràn síta. Ṣé mo fẹ́ jẹ́ kó fi í síta? Bí ó bá fi í síta, ọ̀rọ̀ tán, màá padà sílé lọ jẹ kéèkì mi.

Mo fa máìkì sọ́dọ̀ ara mi. Mo pariwo bí ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù! Mo ní, "Orúkọ tí ẹ ń pè yẹn, tèmi ni. Ohùn tí ẹ gbọ́ yẹn, kì í ṣe tèmi, kò sì fìgbà kan jẹ́ tèmi! Morẹ́nikẹ́ ni èyí, àbúrò mi. Òun ló kọ ọ́ lọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Oyún wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀, èmi sì fi tèmi bò ó mọ́lẹ̀ títí dòní. Ọmọ inú oyún náà ló dúró sẹ́yìn gíláàsì yìí! Ẹ̀yin tí ẹ gbé kéèkì wá fún mi, ẹ má bínú, mo ti jẹ ẹ́. Bàbá Táyọ̀, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wakọ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ìbùkún já wọlé, ó di ìyá rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Mummy, it was you? All this time, it was you?" Morẹ́nikẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, Uncle Débọ̀ ń lọgun pé kí ẹnikẹ́ni má pa rédíò rẹ̀ o. Àwọn èèyàn ń pè láti ìhín àti ọ̀hún. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í fi ètò yẹn sílẹ̀ láìpè kò pè. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo ń wò ó.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀, kò wò mí, ó gbé rédíò sọ̀kalẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lé méje lórí ogún. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé ọkùnrin tó fẹ́ ohùn lè bá ẹni tí kò ní ohùn náà gbé? Àbí kí n ti máa...

Ẹ dúró ná. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo ti padà dé o! Wákàtí kan ti kọjá, adìẹ ṣì wà nínú omi, ojú mi ti wú, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kó má baà bọ́ lọ́kàn mi. Ó gbé rédíò wọlé, ó gbé e sórí fìríìjì, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ó yí i dé ibi tí àwọn òyìnbó ti ń kọrin Kérésìmesì, agogo ń ró wọnran-wọnran. Ó ní, "Kò bàjẹ́." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Kọrin." Mo ní, "Èwo?" Ó ní, "Èyí tí wọ́n ń kọ yìí." Mo kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo ni ohùn mi ń dún, n kò dín in kù, mo yanu, mo jẹ́ kó jáde. Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí mo fi kọ ọ́ tán.

Ó ní, "Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló máa ń jí mi fún shift."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá Táyọ̀, kì í ṣe pé o ò lè kọrin ló dùn mí. Gbogbo Kérésìmesì ni mo ń pe Morẹ́nikẹ́ lórí fóònù, màá ní, 'Ṣé o ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ lórí rédíò?' Á ní, 'Mo ń gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi kí wọn.' Ọdún mélòó ni o fi jẹ́ kí n máa sọ ọ́ sí i létí?" Ó sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo rí ẹkún ọkùnrin náà. Ó ní ní ọjọ́ Kérésìmesì, a máa lọ sí Whitby, òun máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Morẹ́nikẹ́ lójú ọmọ rẹ̀, òun tí Morẹ́nikẹ́ ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Ó ní, "Ìwọ náà, mọ ohun tí wàá ṣe." Kò tíì ní òun dárí jì mí o. Àmọ́ ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ń ge àlùbọ́sà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ yín, ẹ má sì gba iyì ẹlòmíì wọ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn lórí ohun kan tó kù. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ìjọ wa ní Ìbàdàn, kí wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì fi aṣọ akọrin ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Morẹ́nikẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọ̀gá akọrin ti darúgbó, kí n má dójú tì í. Ṣé ojú tiwọn nìkan ló yẹ kí a máa bò? Ẹ bá mi rò ó.

Uncle Débọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi báyìí. Ó ní òun máa fi orin náà síta ní àárọ̀ Kérésìmesì, orúkọ wo ni kí òun pè? Mo nu ọwọ́ nù. Mo kọ Morẹ́nikẹ́, mo kọ orúkọ bàbá wa tẹ̀lé e, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ránṣẹ́.